Òjò Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Náwó Lọ Wo Agbo Ẹranko Tó Ń Ṣí Kiri

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo gbé wá lónìí, ìrìn àjò tó gbówó lórí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí nípa rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí kò kéré rárá.

Àwọn ọmọ Ìlerò mẹ́rin kan, mẹ́ta ń gbé Ìbàdàn, ọ̀kan wà l'Ékòó, ti ń dá àjọ láti bí ọdún méjì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sáfárì, kí àwọn náà fojú ara àwọn rí ohun tí gbogbo wa ń wò lórí fóònù: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko tó ń rọ́ wọ odò, tí ọ̀nì sì ń dúró dè wọ́n nínú omi. Wọ́n wá fi ìpolówó ẹ̀jẹ́ǹtì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọjọ́ márùn-ún ní Maasai Mara, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, nínú oṣù Kẹrin. Wọ́n á rí agbo ńlá tó ń sọdá odò, ìdánilójú wà, kí wọ́n ṣáà ti san ìdajì owó kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Mo ní kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀.

Mi ò pe ẹ̀jẹ́ǹtì yẹn ní olè o. Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí tó kàn da ìpolówó ẹlòmíràn kọ. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹrin, agbo ńlá tí wọ́n fẹ́ lọ wò kì í sí ní Maasai Mara. Ó ṣì wà lọ́hùn-ún ní Tàǹsáníà, nínú òjò àti ẹrẹ̀. Ẹni tó bá lọ Mara lásìkò yẹn á rí kìnnìún, á rí erin, á rí àgùnfọn, torí Mara kì í ṣófo. Ṣùgbọ́n ohun tó torí ẹ̀ dá àjọ ọdún méjì, kò ní bá a níbẹ̀.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá dàgbà ní Òkè-Ògùn ti mọ ìdajì ìdáhùn náà láìmọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú, tí koríko ti gbẹ, tí wọ́n ti jó ìgbẹ́, ẹ ó rí àwọn Fúlàní darandaran tí wọ́n ń da màlúù bọ̀ láti apá àríwá. Wọ́n ń wá ibi tí omi àti ewéko tútù ṣẹ́kù sí. Bí òjò bá ti wá dúró dáadáa, tí koríko tuntun ti hù lókè lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún darí. Lékeléke náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń rí wọn jù, tí wọ́n ń tẹ̀ lé màlúù kiri. Bí òjò bá ti ń lágbára, wọ́n á gbéra, wọ́n á forí lé àríwá. Kò sẹ́ni tó ra kàlẹ́ńdà fún lékeléke. Òjò ló ń lé e, òjò náà ló sì ń pè é.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní Serengeti, àfi pé ti ibẹ̀ pọ̀ ju ti wa lọ fíìfíì. Ẹranko tó pọ̀ jù nínú agbo náà ni wildebeest. Kò ní orúkọ lédè wa torí kò gbé ilẹ̀ wa. Ẹ ṣáà fojú inú wo ẹranko tí orí àti ìwo rẹ̀ jọ ti màlúù, tó ní irùngbọ̀n bíi ti òbúkọ, tí èjìká rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ, tó wá dà bíi pé àjákù ẹranko mẹ́ta ni wọ́n rán pọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 2025, àwọn onímọ̀ kan tó fi kọ̀ǹpútà kà wọ́n nínú àwòrán sátẹ́láìtì sọ pé wọn kò tó 600,000, àríyànjiyàn sì ń lọ lórí ìyẹn. Èyí ó wù kó jẹ́, kì í ṣe kékeré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún zebra, ìyẹn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, àti àwọn gazelle kéékèèké tó lẹ́wà bí egbin ń bá wọn rìn.

Ó yẹ kí n to oṣù wọn fún yín báyìí, torí ibí yìí gan-an ni owó yín wà.

Láti bí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, gúúsù Serengeti ni wọ́n máa ń wà, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Ndutu. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, koríko ibẹ̀ sì kúrú. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, àwọn òkè tó ń yọ iná ti da eérú sórí ilẹ̀ yẹn, eérú náà ló sọ ọ́ di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú koríko rẹ̀, ohun tí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú sì nílò nìyẹn. Nínú oṣù Kejì ni ìbímọ máa ń pọ̀ jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọmọ á ti délẹ̀. Ọmọ wildebeest á dìde, á sì ti máa sá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, torí kìnnìún àti ìkookò wà nítòsí. Ọgbọ́n tó wà nínú bíbímọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn: bí àwọn ẹranko apẹran ṣe ń jẹ ẹ́ tó, wọn kò lè jẹ ẹ́ tán.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí kò ní odò tó ń ṣàn yíká ọdún. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, koríko á gbẹ, omi ojú ilẹ̀ á gbẹ, agbo á gbéra. Ní oṣù Kẹrin àti ìkarùn-ún, wọ́n ti ń gba àárín Serengeti àti ìhà ìwọ̀-oòrùn kọjá. Ní bí oṣù Kẹfà, wọ́n á dé odò Grumeti. Láti bí oṣù Keje títí dé ìkẹwàá, àríwá lọ́hùn-ún ni ẹ ó ti bá wọn, létí odò Mara, níbi tí Tàǹsáníà àti Kẹ́ńyà ti fẹnu kora. Odò Mara ló ń lómi nígbà tí ibòmíràn gbẹ, òjò apá ibẹ̀ sì pọ̀ ju ti gúúsù lọ. Fídíò tí ọ̀nì ti ń fa ẹranko lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yà á. Nígbà tó bá wá di oṣù Kọkànlá, tí òjò kúkúrú bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù, wọ́n á tún kọrí sí ibi tí wọ́n ti wá. Òbìrípo ni. Kò ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé "bí oṣù báyìí" ni mò ń sọ ṣáá. Bí òjò bá pẹ́ lọ́dún kan, gbogbo rẹ̀ ló máa pẹ́. Bó bá rọ̀ níbi tí wọn kò retí, agbo lè yí padà lẹ́yìn tó ti lọ. Ti sísọdá odò gan-an tún wá le jù. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún wildebeest lè wá dúró sí bèbè odò láti àárọ̀, kí wọ́n máa wo omi, kí wọ́n máa tira wọn síwá sẹ́yìn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n yíjú padà lọ jẹko. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sọdá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún sọdá padà lọ́sẹ̀ kan náà torí òjò rọ̀ lódìkejì. Nítorí náà, ẹni tó bá lóun fún yín ní ìdánilójú ọjọ́ tí ẹranko máa sọdá, ẹ bi í bóyá òun ló ń rọ òjò.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ agbègbè tí màlúù wà mọ̀. Ní àwọn ọdún 1890, àrùn màlúù kan tí wọ́n ń pè ní rinderpest wọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó pa màlúù àwọn Maasai lọ súà, ìyàn sì mú àwọn tó ni màlúù náà. Àrùn ọ̀hún tún ran ẹranko ìgbẹ́. Ní 1958, ará Jámánì kan, Bernhard Grzimek, àti ọmọ rẹ̀ Michael gbé bààlúù kékeré, wọ́n ń ka ẹranko Serengeti láti òkè. Wildebeest tí wọ́n kà kò pé 100,000. Michael kú sẹ́nu iṣẹ́ náà ní oṣù kìíní 1959, bààlúù rẹ̀ kọlu igún. Láàárín àsìkò yẹn náà ni wọ́n ń gún màlúù àwọn darandaran tó yí Serengeti ká ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí àrùn ṣe kúrò lára màlúù, bẹ́ẹ̀ ló kúrò lára ẹranko ìgbẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń ka wildebeest rí nǹkan bí ìdámẹ́rin mílíọ̀nù. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, wọ́n ti kà á lé mílíọ̀nù kan. Ní 2011 ni wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé rinderpest ti pa rẹ́. Ẹ ò rí i pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún màlúù ló dá agbo tí à ń sanwó lọ wò lónìí padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó.

Láti 2024, owó tí àlejò láti òkè òkun ń san ní ẹnu ọ̀nà Maasai Mara jẹ́ 100 dọ́là lóòjọ́ láti oṣù kìíní sí ìkẹfà, ó sì di 200 dọ́là lóòjọ́ láti oṣù Keje sí ìkejìlá. Ẹ gbọ́ dáadáa: lóòjọ́ ni, fún ẹnì kan. Ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù Kẹjọ ti di 600 dọ́là kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù láti Èkó sí Nairobi. Ní Serengeti, 70 dọ́là ni iye tí wọ́n gbé lé àgbàlagbà kan láwọn oṣù tí èrò pọ̀, owó orí ọjà ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún á tún gun orí ìyẹn. Ndutu sì tún ní ìdààmú tirẹ̀: apá kan rẹ̀ bọ́ sínú ilẹ̀ Ngorongoro, owó ẹnu ọ̀nà ti Ngorongoro yàtọ̀ sí ti Serengeti. Bí ẹ̀jẹ́ǹtì bá dá iye kan fún yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá owó ẹnu ọ̀nà wà nínú rẹ̀, ti ọgbà èwo, àti fún ọjọ́ mélòó. Níbẹ̀ yẹn ni àwọn kan ti máa ń dá owó tó dà bí ẹ̀dínwó, bẹ́ ẹ bá wá dé Nairobi, wọ́n á ní ó ku owó díẹ̀.

Ibi tí owó ti ń dín kù ni ọkọ̀. Jíípù tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí ni wọ́n fi ń wo ẹranko, ó sì lè gba èèyàn mẹ́fà. Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ bá pín in, ó sàn ju kí ènìyàn kan dá a gbà. Ibi tí ẹ ó sùn náà, kò di dandan kó jẹ́ inú ọgbà; àwọn ilé àlejò tó wà lẹ́yìn ọgbà dínwó, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì Mara bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, ó parí láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹ ṣírò iye wákàtí tí ọ̀nà máa jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ilẹ̀ kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mara tó jẹ́ ti àwọn ìdílé Maasai fúnra wọn, tí àwọn onílé àlejò ń san owó ilẹ̀ fún wọn kí wọ́n má baà fi wáyà dá a. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n owó yẹn ń dé ọwọ́ onílẹ̀, wáyà tí wọn kò rì sì ló ń jẹ́ kí ẹranko rọ́nà gbà. Lápá Loita, níbi tí wáyà ti pọ̀, agbo kékeré tó máa ń ti ibẹ̀ wá sí Mara ti dín kù gan-an.

Ẹ má ṣe àṣìṣe pé ẹ ó bá wildebeest sọdá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Àwọn ò nílò pásípọ́ọ̀tù. Kò sí ẹnubodè tí arìnrìn-àjò lè gbà láti Serengeti bọ́ tààrà sí Mara. Ẹ gbọ́dọ̀ yí lọ gba ẹnubodè ńlá. Nítorí náà, ẹ yan orílẹ̀-èdè kan. Kẹ́ńyà rọrùn fún ọmọ Nàìjíríà, torí láti 2025 wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kúrò nínú ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ti Tàǹsáníà, ẹ lọ bi iléeṣẹ́ aṣojú wọn léèrè ọ̀rọ̀ físà lóṣù mélòó kan ṣáájú, ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ́ǹtì. Orílẹ̀-èdè yòówù tẹ́ ẹ bá yàn, yẹ́lò káàdì ṣe pàtàkì, torí ilẹ̀ tí ibà pọ́njú wà ni wọ́n ka tiwa sí. Kó pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ti kú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún káàdì tí wọ́n ń tà láìgún abẹ́rẹ́. Ibà kò mọ káàdì.

Bí wọ́n bá ní kí èmi yàn, oṣù Kejì ní Ndutu ni mo máa yàn ju oṣù Kẹjọ létí odò Mara lọ. Létí odò, ọkọ̀ máa ń pọ̀ débi pé nígbà mìíràn wọ́n ń dí ẹranko lọ́nà àtisọdá. Ní Ndutu, ẹ kò ní dúró de ohunkóhun. Agbo ti wà níwájú yín, ọmọ tuntun ń dìde lọ́tùn-ún lósì. Kò kàn sí ọ̀nì tẹ́ ẹ máa gbé sórí TikTok ni.

Àwọn mẹ́rin tí mo sọ̀rọ̀ wọn ti pín sí méjì báyìí. Méjì lóun á dúró de oṣù Kejì. Àwọn méjì tó kù ní owó àjọ kò tó, kí n wá ibi tó sún mọ́ ilé fún àwọn. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ní láti yí èrò yín padà díẹ̀.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Serengeti kọ́ ló ní agbo tó pọ̀ jù láyé. Ní 2024, àjọ African Parks àti ìjọba Gúúsù Sudan gbé èsì ìkànìyàn ẹranko tí wọ́n fi bààlúù ṣe lọ́dún tó ṣáájú jáde: nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ẹranko ló ń ṣí kiri níbẹ̀, kob sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ogun àti àìsí ọ̀nà kò jẹ́ kí ibẹ̀ ṣeé lọ fún irú wa. Ìdí tí mo fi dárúkọ rẹ̀ ni pé kob yìí, ìbátan rẹ̀ gan-an wà nínú igbó Òkè-Ògùn títí di òní, ní Old Oyo National Park. Irú kan náà ni, àfi pé etí ti Sudan funfun, àwọ̀ akọ rẹ̀ sì dúdú.

Kí ló dé tí kob tiwa kò fi rin irú ìrìn yẹn? Lọ́dọ̀ wa, kob kì í fẹ́ jìnnà sí odò. Nígbà òjò, omi wà káàkiri, koríko ga ju orí ènìyàn lọ, ẹranko á fọ́n ká, ojú yín kò ní tó wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á sún kì, á ku odò àti àwọn adágún díẹ̀, gbogbo ẹranko á wá para pọ̀ síbẹ̀. Ní Serengeti, ẹ̀yin lẹ máa lé agbo tó ń wá omi kiri. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ lọ jókòó ti omi, kí agbo wá bá yín. Láti oṣù Kejìlá sí ìkẹrin ni, ó sì dáa jù láti bí oṣù Kejì, nígbà tí koríko ti jó tán, tí ojú lè ríran jìnnà.

Ibi tí mo rán àwọn méjì yẹn lọ ni Mole, ní àríwá Gánà. Kò sí físà fún ọmọ ECOWAS, pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì ti tó. Ẹni tí kò lówó bààlúù lè gba ilẹ̀ lọ: Sèmè, Cotonou, Lomé, Aflao, Accra, Kumasi, títí dé Tamale, láti ibẹ̀ ẹ ó lọ sí Larabanga. Ìrìn náà ń rẹni, àwọn ẹnubodè á sì dán sùúrù yín wò. Ṣùgbọ́n ilé àlejò kan wà ní Mole tó jókòó sórí òkè, adágún omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, erin máa ń wá wẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó máa wò wọ́n látorí ìjókòó yín. Wọ́n tún gba kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn nínú igbó pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn dání, èyí tí kì í sábà ṣeé ṣe ní Serengeti. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti Mara rárá. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọjá ní Larabanga, ẹ yà wo mọ́ṣáláṣí alámọ̀ àtijọ́ tó wà níbẹ̀.

Nílé ńkọ́? Yankari ní Bauchi ní erin, ó sì ní omi Wikki tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ látinú ilẹ̀. Ọ̀nà tó débẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Kainji, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ báyìí: ní 2025, ìròyìn jáde pé àwọn agbébọn tí wọ́n ń pè ní Mahmuda fi igbó yẹn ṣe ibùba. Pendjari ní orílẹ̀-èdè Benin ló jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù ní gbogbo apá ibí yìí, ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 2019 wọ́n jí arìnrìn-àjò Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn. Láti ìgbà náà, wàhálà agbébọn ti gba igbó náà kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ìrìn àjò Pendjari fún yín, ẹ sá fún un.

Ó wá ku tiwa. Old Oyo National Park fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, 1991 ni ìjọba sọ ọ́ di páàkì àpapọ̀. Ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́, ó sì ní ẹnu ọ̀nà lápá Òkè-Ògùn, bíi Sẹpẹ̀tẹ̀rí àti Tedé. Odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá. Kob wà níbẹ̀, hartebeest tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí wildebeest wà níbẹ̀, ẹfọ̀n, ìmàdò, ìnàkí àti ìjímèrè náà wà. Àwókù Ọ̀yọ́-Ilé, tí Clapperton bá Aláàfin lórí ìtẹ́ níbẹ̀ ní 1826, wà nínú igbó kan náà.

Mo ti wọ ibẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Sẹpẹ̀tẹ̀rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Mi ò ní parọ́ fún yín: ipa ẹsẹ̀ ni mo rí ju ẹranko lọ. Kob mọ́kànlá létí omi ní kùtùkùtù, ìnàkí tó ń bú mọ́ wa látorí àpáta, ó parí. Ṣùgbọ́n mo tún rí ìgbẹ́ màlúù nínú páàkì, mo rí ibi tí wọ́n ti sun igi di èédú lẹ́bàá ààlà. Èédú Òkè-Ògùn ń bá ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ òyìnbó, ẹran ìgbẹ́ sì ń wọ ìlú ní alaalẹ́. Oko ti yí páàkì ká débi pé ẹranko tó bá fẹ́ jáde lọ wá koríko níbòmíràn, ẹnu ìbọn ló máa bọ́ sí. Kob kò lè ṣí kiri níbi tí kò sí ọ̀nà. Síbẹ̀, kob mọ́kànlá yẹn wà láàyè, ó sì wù mí kẹ́ ẹ rí wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má dédé gba igbó wọlé. Ọ̀rọ̀ ààbò igbó wa kì í ṣe ohun tí à ń fojú yẹpẹrẹ wò mọ́. Ẹ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wọn l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ bèèrè ẹnu ọ̀nà tó wà ní ṣíṣí lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé lọ, ẹ gba adágún Ìkéré létí Ìsẹ́yìn lọ wo ẹyẹ, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé.

Ó ku ti ẹrù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn ṣe pàtàkì ju fóònù olówó ńlá lọ. Ẹyọ kan tó méjì pín lò. Kẹ́ ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, torí òwúrọ̀ Serengeti àti Mara tutù ju bí ẹ ṣe rò. Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti koríko gbígbẹ ló dáa jù. Àdìrẹ aláró tó lẹ́wà yẹn, ẹ fi sílé o: eṣinṣin tsetse fẹ́ràn àwọ̀ búlúù àti dúdú, débi pé aṣọ búlúù ni wọ́n fi ń ṣe pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú un. Bó bá gé yín jẹ, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára.